Oko àti Ọkọ̀

Ọjọ́bọ̀, Mowe

Èmi ni mo ṣètò sáfà kíláàsì wa, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú iṣẹ́ gbogbo wa, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lè ní àpótí tí á máa kó iṣẹ́ rẹ̀ sí. Lọ́sàn-án, Bùkọ́lá, tá a jọ wà ní kíláàsì, ní sáfà ò gba iṣẹ́ tí òun kọ lórí oko ìrẹsì. Mo ní kó fipá tì í wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́.

Bọ̀dá Dàpọ̀, àgbà kíláàsì wa tó ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ọkọ̀ èrò, pàdé mi ní géètì. "Ọmọ tuntun! Mo ti pa iṣẹ́ mi rẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù mi o, ó ti kún jù. Orí sáfà ẹ nìkan ló kù sí."

Mo rẹ́rìn-ín.

Ilé ni mo ti rí àṣìṣe mi. Mo kọ orúkọ àwọn àpótí láìfi àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ sí i, àpótí oko àti ti ọkọ̀ wá di ọ̀kan. Iṣẹ́ Bùkọ́lá tí mo ní kó fipá tì wọlé ti pa ti Bọ̀dá Dàpọ̀ rẹ́. Ọ̀la ló fẹ́ fi han olùkọ́.

Ní gbogbo Mowe, Bọ̀dá Dàpọ̀ nìkan ni mo lè sọ irú nǹkan báyìí fún.