Marquise Méjì Lọ́hùn-ún

Mọ́mì mi,

Ara mi le koko. Ẹ má dá àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rù ń bà mí láti ju bọ́ọ̀lù jìnnà lóhùn.

Lọ́jọ́ Àìkú, nínú eré bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí à ń fọwọ́ jù, géńdé mẹ́ta láti ẹgbẹ́ kejì gbé mi ṣánlẹ̀ gbìì, orí mi ló kọ́kọ́ balẹ̀. Mo tu eyín kan dànù, mo dìde. Dókítà bi mí pé ìlú wo la wà. Mo ní Cleveland. Gbogbo wa la máa ń há ìdáhùn yẹn sórí kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Kóòṣì pariwo: "Ojo! Marquise dá wà lọ́hùn-ún! Àbí màmá ẹ ló máa wá bá ẹ jù ú ni?"

Nínú ẹgbẹ́ wa, Marquise ló máa ń gba bọ́ọ̀lù tí mo bá jù. Marquise méjì ló ń sáré. Mo ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó sún mọ́ mi.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Renee kú ewu ọmọ. Ẹ ní ọmọ kan ló bí, àmọ́ ìbejì lèmi rí nínú fọ́tò. Ẹ bá mi gbé àwọn méjèèjì mọ́ra.

Ọmọ yín,
Colby