Hóró Oògùn Inú Omi Àdúrà

"Olóríburúkú obìnrin, o sọ mí di òpùrọ́ lójú Ọlọ́run."

Olóòtú ètò wa lórí rẹdiò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí bàbá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kígbe mọ́ ìyá mi nìyẹn, kí ó tó la ìgò mọ́ ọn lórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ̀bá Aràmọkọ la wà, Bàbá kò ní gbọ́ ọ, a kò ní rẹdiò nílé.

Alàgbà ni bàbá mi. Ìjọ wa kì í lo oògùn, àfi omi àdúrà. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ti sọ ọkàn rẹ̀ di ahẹrẹpẹ, ó fún un ní hóró oògùn tí yóò fa omi kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó wú. Bàbá kọ̀ ọ́. Màmá wá ń lọ̀ ọ́ sínú omi àdúrà rẹ̀ láràárọ̀, ẹsẹ̀ náà sì lọlẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Bàbá jẹ́rìí pé omi lásán ló wo òun sàn. Ìyá àgbà kan tó ní irú àìsàn yìí gbọ́, ó da oògùn tirẹ̀ sí ṣáláńgá. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi jẹ́wọ́.

Eyín Màmá méjì bọ́. Bàbá lù ú títí òun náà fi ṣubú, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo gbàdúrà kí Bàbá kú, mo sì tún gbé orí rẹ̀ lé itan mi.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni ẹ̀yin ì bá ṣe? Oògùn Bàbá ṣẹ́kù nínú àpótí ìwé mi. Èmi ni mo ń bu omi àdúrà fún Bàbá, èmi náà ni mo ń gbé ti ìyá àgbà lọ. Láàárọ̀ ọ̀la, n óò lọ̀ ọ́ sínú méjèèjì. Màmá pàápàá kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.