Bàbá Inger Kì í Ṣe Ọ̀dàlẹ̀

Thamesmead,
Lọ́ńdọ̀nù.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹjọ, ọdún 2015.

Obed ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí àyà tó máa ń dùn ọ́ nígbà òtútù má ṣe yọ ọ́ lẹ́nu ní Manchester níbẹ̀. Ara tèmi náà yá, ẹsẹ̀ mi tó wú ti fà. Inú mi nìkan ni kò dùn. Rárá, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú ń bí mi, ìwọ lo sì bí mi nínú.

O ti sọ fún mi pé lẹ́tà ti di nǹkan àtijọ́, pé kí n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀. O kà á, o kò fèsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí ní Yorùbá tí mo fi Bíbélì kọ́ ọ. Bí o bá dé ibi tí kò yé ọ, tún un kà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí ẹni tí Mama Inger jẹ́ sí ọ, nítorí ó jọ pé o ti gbàgbé. Nígbà tí a dé Thamesmead, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kò sì sí ẹni tí yóò mú ọ láti ilé ìwé. Obìnrin òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tí Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn kò jọ ti àwọn ará Woolwich, jáde sí mi, wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi." Títí o fi tó lọ fúnra rẹ, kíṣìnì wọn lo ti ń jẹun, búrẹ́dì dúdú tó le bí òkúta yẹn. Grandma lo ń pè wọ́n. Àwọn àti Kenneth ọkọ wọn kò bímọ. Lọ́jọ́ tí a sin Kenneth, ọwọ́ rẹ ni wọ́n dì mú.

Kò sí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ bàbá wọn fún àfi èmi, létí omi Birchmere, lọ́dún tí Kenneth kú. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ, nígbà tí ẹgbẹ́ ìrántí àwọn ará Dẹ́ńmáàkì yẹn ní kí o ṣe fíìmù fún àádọ́rin ọdún tí ogun parí. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní, "Mama, ọmọ yín ni. Kò ní ṣì í sọ." Mo wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ tí o gbé kámẹ́rà wá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìwọ náà gbọ́.

O gbọ́ pé nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Dẹ́ńmáàkì, Aksel Holm, bàbá wọn, ń ṣe búrẹ́dì ní ìlú kékeré kan létí òkun. Àwọn kan nínú àwọn tó ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ ní kó máa ta búrẹ́dì fún bárékè, nítorí ẹni tó bá mọ iye búrẹ́dì tí wọ́n ń jẹ ló mọ iye sójà tó wà níbẹ̀. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń ti ìlú mìíràn wá gba ìròyìn lọ́wọ́ rẹ̀. Mama Inger fúnra wọn ń fi kẹ̀kẹ́ gbé ìwé ìròyìn tí Jámánì fòfin dè kiri, lábẹ́ búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n àwọn ajàjàgbara ìlú tiwọn gan-an kò mọ̀. Ohun tí àwọn ń rí ni pé Aksel ń bá sójà Jámánì rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ogun kù díẹ̀ kó parí, bó ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ajàjàgbara yẹn yìnbọn pa á. Ọmọ rẹ̀ sáré jáde, ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Jámánì sì ti mú ọkùnrin tó ń gba ìròyìn, wọ́n ti pa á. Ta ni yóò jẹ́rìí? Àwọn ará ìlú fi ọ̀dà kọ Ọ̀DÀLẸ̀ sára fèrèsé wọn. Kò sí ẹni tó sin òkú Aksel àfi ìyá àti ọmọ. Ẹnikẹ́ni kò ra búrẹ́dì wọn mọ́. Nígbà tí ogun parí, àwọn tó pa á so àsíá mọ́ apá, wọ́n ń jó ní ìgboro, ìlú sì gbé òkúta ìrántí dúró fún wọn. Ìyá Mama Inger lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú, ó ní kí wọ́n wádìí. Wọ́n ní, "Má ba ayọ̀ ìlú jẹ́." Kenneth, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó bá àwọn yòókù wọ̀lú, ni oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn ikú Aksel. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀, òun ló sì mú wọn wá sí Woolwich.

Gbogbo èyí ni wọ́n sọ fún ọ, ọmọ mi. Wọ́n mu omi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lè sọ ọ́ tán.

Nínú oṣù karùn-ún, èmi àti Mama Inger wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fi fíìmù náà hàn ní Woolwich. Wọ́n wọ kóòtù búlúù wọn, wọ́n fi fọ́tò bàbá wọn sínú báàgì, bóyá àwọn èèyàn yóò fẹ́ rí i. Nínú òkùnkùn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. A rí ọmọbìnrin, a rí kẹ̀kẹ́, a rí búrẹ́dì, orin dídùn ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bí fíìmù ṣe ń lọ ni ọwọ́ wọn ń le mọ́ tèmi. Wọ́n ń dúró de bàbá wọn. Iná tàn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní, "Keziah, bàbá mi dà?"

Ọ̀gá ẹgbẹ́ ìrántí gbé òdòdó wá, ó ní akọni nìkan ló wà nínú ìtàn orílẹ̀-èdè àwọn. Mama Inger gbé òdòdó náà sórí àga, wọ́n jáde. Bọ́ọ̀sì gbé wa kọjá Plumstead. Wọ́n wá ní, "Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn tí kò mọ ohun tí bàbá mi ń ṣe ló pa á. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ tí mo fún lóúnjẹ ni."

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé o rántí ohun tí o sọ? "Mummy, kì í ṣe big deal. Ìṣẹ́jú méje péré ni mo gé. Àwọn tó ni fíìmù fẹ́ kí àwọn èèyàn lọ sílé tayọ̀tayọ̀. Ó ti pẹ́ jù." Ìṣẹ́jú méje péré! Bàbá ẹnìkan ni ìṣẹ́jú méje yẹn. O ní ó ti pẹ́. Ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Wòlíì Jeremiah ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n fi sùúrù ṣe é, pé ọmọ ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni. Mo ní, "Bàbá, mo ti ń fi sùúrù ṣe é láti ìgbà tí mo ti bí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàdúrà fún ọ. Èmi kò ṣe àmín lọ́jọ́ náà.

Ìròyìn tí o kò tíì gbọ́ nìyí. Mama Inger ní àwọn fẹ́ lọ síbi òkúta yẹn fúnra wọn, kí ikú tó dé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún! Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo tẹ̀ lé wọn. A wọ bàálù, a wọ ọkọ̀ ojú irin, a dé ìlú náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n dúró níwájú òkúta, wọ́n ń ka orúkọ tó wà lára rẹ̀ sókè ní èdè wọn, bí ẹni ń bú èèyàn. Obìnrin kan tó ń tún òdòdó ibẹ̀ ṣe bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Bí ó ṣe gbọ́ "Holm," ojú rẹ̀ yí padà. Lise ni orúkọ rẹ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà mi ti ń retí yín láti ọdún tó kọjá."

Ó mú wa lọ sílé ìtọ́jú tí bàbá àgbà rẹ̀, Jens, wà. Jens ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ó yẹ kí n máa pe irú àgbà bẹ́ẹ̀ ní "wọ́n," ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kọ̀ láti kọ ọ́. Lise ń túmọ̀ fún mi. Jens ní, "Èmi kọ́ ni mo yìnbọn, ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣọ́ ọ̀nà. Ogun kò tíì parí tó oṣù méjì tí àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin tó ń gba ìròyìn fi wá sọ fún wa pé tiwa ni Aksel. A mọ̀. A jọ fẹnu kò pé a kò ní sọ."

Mama Inger ló ń wò. Jens tún ní, "Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó gbé kámẹ́rà wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ìwọ lo tọ́ òun dàgbà. Mo ní kó gbé ọ̀rọ̀ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Nígbà tí n kò gbúròó rẹ, mo rò pé o gbọ́, pé o kò fẹ́ dá mi lóhùn."

Obed! Obed! Ẹni tí ń wá òtítọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyá rẹ. Ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ sọ ọ́ fún ọ. Ìwọ nìkan lo mọ àwọn méjèèjì, o sì pa ẹnu mọ́!

Mama Inger yíjú wò mí. Mo rí i lójú wọn, fún ìṣẹ́jú àáyá kan, pé wọ́n ń rò ó bóyá mo mọ̀ sí i. Èmi! Lẹ́yìn gbogbo ọdún tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín wa. Mo búra níbẹ̀ pé n kò mọ̀, wọ́n sì gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá yẹn, n kò tíì rí bí mo ṣe máa dárí rẹ̀ jì ọ́.

Jens bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí ji òun. Wọ́n ní rárá. "Dìde dúró," ni wọ́n wí. "Orí ìdúró ni bàbá mi wà nígbà tí ẹ yìnbọn fún un. Ìwọ náà dúró, kí o sọ orúkọ rẹ̀." Àwọn nọ́ọ̀sì gbá a mú lápá, wọ́n gbé e dìde. Àwọn arúgbó tó ń jẹun nínú yàrá ńlá náà fi síbí sílẹ̀. Ó sọ ọ́ sókè: "Aksel Holm kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Àwa la ṣì í pa." Mama Inger ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Obìnrin arúgbó kan létí fèrèsé bú sẹ́kún, ó ní ìyá òun máa ń rán òun ra búrẹ́dì lọ́dọ̀ Aksel, pé àwọn náà wà lára àwọn tí kò lọ mọ́.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Pe àwọn ẹgbẹ́ ìrántí yẹn, sọ fún wọn pé fíìmù kò tíì parí. Dá Aksel padà sí i, kí o sì fi ẹ̀rí Jens tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní àwọn kò fẹ́, ní kí wọ́n yọ orúkọ rẹ àti ojú Mama Inger kúrò. O lè ní wọn kò ní pè ọ́ síṣẹ́ mọ́. Kí wọ́n má pè ọ́. Mo fọ ìdí arúgbó ní ìlú yìí kí o lè lọ sí yunifásítì. N kò fọ̀ ọ́ kí o lè lọ kọ́ bí a ti ń panu mọ́ fún olówó. Lẹ́yìn náà, wá sílé, kí o wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn. N kò ṣèlérí pé wọn yóò ní kí o dìde.

Síbẹ̀, ìyá rẹ ni mí, n kò lè fi èpè pa lẹ́tà dé. Ọlọ́run yóò là ọ́ lójú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ìtìjú fún ọ. Ẹnikẹ́ni kò ní fi ọ̀dà kọ orúkọ burúkú sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Ìwọ náà yóò bí ọmọ tí yóò sọ òtítọ́ nípa rẹ, òtítọ́ náà yóò sì dùn ún gbọ́. Èyí, mo ṣe àmín sí i.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí, tí kò sì kọ̀ ọ́,
Keziah Ìbítóyè.

Àfikún: Mo ti fún Lise ní nọ́ńbà fóònù rẹ. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé ìlú náà, ìdí òkúta yẹn ni wọ́n sì máa ń kó àwọn ọmọ lọ lọ́dọọdún. Ó fẹ́ kí o fi ohùn Jens àti ti Mama Inger ránṣẹ́, kí àwọn ọmọ lè gbọ́ méjèèjì pọ̀. Mo bi í bóyá ojú kò ní tì í. Ó ní ojú ń ti òun gan-an, ìdí tí òun fi fẹ́ ẹ nìyẹn. Bàbá àgbà tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí máa bà lórúkọ jẹ́, kò sì bẹ̀rù. Kí ni ìwọ ń bẹ̀rù?