Oúnjẹ Gbígbóná Láti Bukoba Dé Mwanza

Kemilembe ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n mi Rwegoshora ti wà nínú bàálù báyìí, wọ́n ń gbé ìkòkò ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ̀ wá bá ọ. O kú iṣẹ́, o kú làálàá ìlú ńlá. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ Mwanza gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ ń kí ọ, ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì.

O mọ òfin ìdílé wa pé a kì í fi ọmọbìnrin fọ́kọ níbi tí oúnjẹ ìyá rẹ̀ yóò ti tutù kó tó débẹ̀. Nígbà tí mo sọ pé Ngasa ará Mwanza ni ọkùnrin tí o rí, ẹ̀gbọ́n mi ní ṣé kí oúnjẹ sun orí adágún mọ́jú nínú ọkọ̀ ojú omi ni, àbí ẹja ni mo fẹ́ fi ọmọ fún? Mo lọ wádìí fúnra mi ní pápá bàálù. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta péré ni bàálù ń lò dé Mwanza. Inú mi dùn, nítorí ọjà wa gan-an jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àfi bó ṣe fi kún un pé èrò gbọ́dọ̀ dé ní wákàtí méjì ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú ọkọ̀ wo ló ń sáré tó báyìí tó tún ń jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ìdílé kan ní ìrìn máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí bàálù bá kúrò nílẹ̀, àwọn yòókù ní ìgbà tí ìkòkò bá kúrò lórí iná ni. Wọ́n wá pinnu pé kí a gbé ìkòkò lọ wò, kí Ngasa fọwọ́ kàn án ní pápá Mwanza, kó sì pè wá bóyá ó ṣì gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn fúnra àwọn ni yóò gbé e, kí n má baà ṣe màgòmágó.

Mo bẹ ọmọbìnrin náà pé kó fún wọn ní ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń gbé ìkòkò lé ìdérí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì. Ó ní abẹ́ apá bàálù ni ẹ́ńjìnnì wà, níta. Mo bi í pé ta ní í dáná síta nígbà òtútù. Mo tún ní kí awakọ̀ má ṣí fèrèsé, ó ní òun yóò sọ fún un. Ọmọ dáadáa ni. Wọ́n ní kí èrò pa fóònù lójú ọ̀run. Ó jọ pé ariwo rẹ̀ máa ń já awakọ̀ láyà.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ń gun àtẹ̀gùn, mo rí i tí wọ́n bọ́ kóòtù wọn, wọ́n fi wé ìkòkò náà, wọ́n sì gbá a mọ́ra. Mi ò pariwo.

Owó ìlọ nìkan la rí san, jọ̀wọ́ bá wa fún wọn ní ti àbọ̀, kí o sì fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún òrùlé tó ń jò. Ibi yòówù kí ilé ọkọ rẹ wà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kó tù ọ́ lára.

Ó yẹ kí bàálù ti balẹ̀. Àwọn àgbà ti yí fóònù mi ká. Kò tíì dún.

Bàbá rẹ,
Mutalemwa