Ibi Tí Baba Fàtíù Yóò Sùn

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ, 2025
A ti dé Ajah. Láti Ìwó, a gba Ìbàdàn, a gba Ìjẹ̀bú-Òde, a já sí Ẹ̀pẹ́, Dẹ́rẹ́bà mi kò sì tẹ kòtò kan. Dẹ́rẹ́bà mi — Kàsímù ọkọ mi ni o, Baba Fàtíù. Ayé rẹ̀ ló fi wa Ẹnjiníà Odùkọ̀yà káàkiri Lekki níbí. Oṣù tó kọjá ló fẹ̀yìn tì, ó fi owó ìfẹ̀yìntì ra Kòrólà, èyí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa wa mọ́tò tiwa lọ ṣe fàájì. (Nínú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní “ó”. Lójú rẹ̀, “ẹ” ni. Mo gbẹ̀kọ́.)

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Gbogbo ìgbà tó fi ń ṣiṣẹ́, bí àlejò ló ń wá sílé. Mo fẹ́ jí láàárọ̀ kí n bá ọkọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyẹn nìkan.

Fàtíù ní kí òun fi fóònù bá wa gba yàrá sílẹ̀. Mo ní rárá, fóònù kì í gbóòórùn. Alágbàfọ̀ ni mí. Bí mo bá fa aṣọ ìbùsùn sí imú, mo ti mọ ìgbà tó fojú kan omi gbẹ̀yìn.

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹjọ
Ilé ìtura mẹ́rin la yà lánàá ní Addo kí n tó gbà. Ti àkọ́kọ́ — omi pupa. Ti èkejì — ọmọkùnrin tó gbà wá bi mí pé wákàtí mélòó la fẹ́ lò. Wákàtí! Mo ní, “Ọmọ mi, àwa ti bímọ tán.” Ó sá wọlé. Ti ẹ̀kẹta, irọ̀rí ń rùn. Ti ẹ̀kẹrin ló pé: omi mọ́, aṣọ ìbùsùn ń ta sánsán, yàrá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, owó rẹ̀ kò sì gani lára. Mo gbóríyìn fún ara mi.

Mo jí láàárọ̀, ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo. Mo sọ̀ kalẹ̀. Inú mọ́tò ló wà, ó ti dá sítì sẹ́yìn, ó ń hanrun. Ó ní ooru ló lé òun jáde. Yàrá tí ẹ́síì ń fẹ́ bí ọyẹ́!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹjọ
Inú mọ́tò náà ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ọjọ́rú, 6 Oṣù Kẹjọ
Mo ní bóyá fóòmù ibẹ̀ yẹn ló le. A kó lọ sí Jakande, Ilasan, ẹ̀yìn àwọn fúláàtì ìjọba. Mo tẹ fóòmù, mo jókòó lé e, mo dùbúlẹ̀ sí i tọ̀túntòsì. Ó dára.

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wò wá, ó nawọ́ sí ọkọ mi, ó ní, “Mummy, driver yín ńkọ́? Ṣé ó máa gba room ni, àbí ó máa wà níta?”

Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti dáhùn. “Má ṣèyọnu, my dear. Inú mọ́tò ni màá wà.”

Ó gbé báàgì mi gòkè, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó yí padà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kí mi ní “good night, madam”! Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé ojú mi ń tì í ni. Ó ní ẹnu òun ló yọ̀.

Mi ò ní pè é ní Dẹ́rẹ́bà mọ́ láé, ìbáà jẹ́ nínú ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ
Etí òkun. Mo ti ẹsẹ̀ bọ omi, ó tutù, ó dùn mọ́ mi. Òun dúró lókè iyanrìn, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó ń wo mọ́tò. Mo lọ bá a. Mo ní kó sọ ọ́ jáde lónìí, kó má fi mí ṣe aláìmọ̀kan.

Ó ní kò sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Lekki yìí tí òun kò mọ géètì rẹ̀, àmọ́ òun kò mọ yàrá kan ṣoṣo. Bí Ẹnjiníà bá wọlé, òun á ṣọ́ mọ́tò. Bí oorun bá gbé òun lọ tí nǹkan ṣe é, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ní báyìí, bí òun bá dijú lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣe ni òun ń gbọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò. “Sìmbí, kì í ṣe ìwọ ni mò ń sá fún. Tí mi ò bá rí mọ́tò, oorun ò ní kùn mí.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Nílé náà, àga ẹnu fèrèsé pálọ̀ ló ń sùn sí, mo sì rò pé tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ràn. Kòrólà ló wà níta fèrèsé yẹn!

Èmi tí mò ń fa aṣọ símú kiri. Ó dáa. Mo ti mọ irú yàrá tí màá wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹjọ
Lẹ́yìn Jímọ̀, a kọrí sí Awoyaya. Èmi ni mo ń wọlé béèrè, òun ń dúró. Wọ́n fi yàrá tó ní báákónì hàn mí, mo kọ̀. Wọ́n fi èyí tó ní fìríìjì hàn mí, mo kọ̀. Ìbéèrè kan ni mò ń bi gbogbo wọn: yàrá wo ló kọjú sí ibi tí mọ́tò ń wà?

Rẹ̀míláyọ̀, obìnrin tó ni ibi kẹta, ya ẹnu. “Mummy, room yẹn ò fine o. Ẹ̀gbẹ́ gen ló wà, customer kì í gbà á.”

Mo ní kó fi hàn mí. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀dà ògiri ti ń ṣí. Aṣọ ìbùsùn — wọ́n fọ̀ ọ́, wọn ò sá a sóòrùn. Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá ti wà lójú títì. Mo ní kó jẹ́ ká jọ wọ́ bẹ́ẹ̀dì lọ sẹ́nu fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín, a sì wọ́ ọ.

Mo ní, “Tọkọtaya ni wá. Orúkọ ọkọ mi ni kẹ́ ẹ kọ.”

Baba Fàtíù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ìta. Ó bọ́ bàtà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9 Oṣù Kẹjọ
Mo jí, ó wà níbẹ̀. Ọwọ́ kan lórí kọ́tìnnì, ọwọ́ kejì lára mi. Jẹnẹrétọ̀ ń dún, òun ń hanrun, mi ò mọ èyí tó pariwo jù. A kírun Àsùbáà. Mo rò pé ó máa jáde. Ó padà sórí bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo yọ́ jáde, mo rọra pa á dé. Rẹ̀míláyọ̀ ni, ó ní àkókò wa ti pé. Mo ní kó fi ọjọ́ kan kún un. Ó ní kò burú, kí òun kàn wọlé gbálẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́.

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ní rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀gá ń sùn.