A Ti Lọ Gbin Ọ̀dùnkún

Bàbá Tiyamike,

Ẹ ṣì ń sùn nígbà tí mo jáde. Mo dé òkèlè nsima àti ẹja gbígbẹ sórí tábìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kí ẹ jẹun lónìí.

Ìyá Falesi àtàwọn obìnrin ìjọ ló kanlẹ̀kùn ní ìdájí. Wọ́n ru ìtàkùn ọ̀dùnkún wá, ká lè gbìn ín sóko tí omíyalé ti gbá àgbàdo wa lọ. Mo sọ fún wọn pé látìgbà tí odò Shire ti ya wọlé, àdúrà ò wá sẹ́nu mi mọ́.

Ìyá Falesi ní, "Ìwọ ṣáà gbé ọkọ́. Àwa á máa gbàdúrà."

Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì dárúkọ yín. Ìgbà tí wọ́n ṣe àmín, mo gbọ́ ohùn tèmi náà láàárín wọn.

Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá. Mo mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọ̀lẹ; gbogbo nǹkan ló ti sú yín látìgbà omíyalé.

Ilẹ̀ rọ̀ dáadáa. Bẹ́ ẹ bá lè dìde, ẹ máa bọ̀. Màá ní kí wọ́n fi àwọn ebè abẹ́ igi máńgòrò sílẹ̀ fún yín.

Estere