Aṣọ Mẹ́fà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Jí

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Bí a ti ń kí ara wa ní Òmù gan-an ni mo fẹ́ kí yín: ẹ kú ulé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín, kì í ṣe àsọdùn. Orí ilẹ̀ ni orúnkún mi wà bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Délé àti ìyàwó rẹ̀ ní Odò-Orò. Mo kí àwọn ìyá ìjọ. Mo kí Ìbùkún ọmọ mi, tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Ìbùkún, jọ̀wọ́, bí o bá dé ibi tí ojú bá ti ń tì ọ́, má fò ó. Kà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Òtútù ti tún dé síbí ní ìlú òyìnbó. Oòrùn ibí dà bí àlejò tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà tí kò fẹ́ jókòó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù tó ti bá tirẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ń ṣe. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fi oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, mo ń pààrọ̀ aṣọ fún àwọn tí wọ́n ti jẹ́ olùkọ́ àti ọ̀gá ọlọ́pàá rí. Ìyá kan wà níbẹ̀ tó máa ń di ọwọ́ mi mú, tó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pè mí. Mo máa ń dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ni ìyẹn náà. Ó jọ pé irọ́ kì í ṣòro fún mi. Bí mo bá délé, kò sí ẹni tí yóò kí mi káàbọ̀, àfi ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, tó ń kùn bí ẹni tó ní ẹjọ́ láti rò. Owó tí mo fi ránṣẹ́, mo gbọ́ pé ó dé. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni jẹ tán kí ẹ tó ra bàtà tiyín.

Ẹ máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lóṣù tó kọjá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo bi yín bóyá òjò rọ̀. Ẹ tún máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. N óò dé ibẹ̀.

Màámi, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni. Ẹ̀yin ọkùnrin tí ẹ bá ń kà á, ẹ má bínú, ìyá yín náà ṣe é kó tó bí yín. Mo ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta báyìí, nǹkan oṣù mi sì ń ṣe bí ayálégbé tó ń kó ẹrù jáde tìbínú-tìbínú. Oṣù kan kò ní wá rárá, èyí tó tẹ̀lé e yóò ya wá bí àgbàrá. Wákàtí méjìlá ni mo sì ń fi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo ń gbé bàbá arúgbó kan dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, bàbá náà wo ẹ̀yìn mi, ó rọra sọ fún mi pé mo ti fara pa. Mo fi súwẹ́tà di ìdí títí iṣẹ́ fi parí.

Ọmọ Gánà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, Ẹfúà lorúkọ rẹ̀, ló bá mi níbi tí mo ti ń sunkún. Ẹnu ọmọ náà mú bí abẹ. Ó ní, “Àǹtí, páàdì tí ẹ ń rà yìí, ṣé ẹ fẹ́ ra ilé iṣẹ́ wọn ni?” Ó wá fún mi ní ife kékeré kan tí wọ́n fi rọ́bà rírọ̀ ṣe, tí obìnrin ń fi sínú ara kó lè máa gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí ó bá kún, wọn á dà á nù, wọn á fọ̀ ọ́, wọn á dá a padà. Bí nǹkan oṣù bá lọ tán, wọn á sè é nínú omi, wọn á tọ́jú rẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀. Mo bi í pé ibo ni ife yóò gbà wọlé lára èmi àgbàlagbà. Ó ní ibi tí Ìbùkún gbà jáde ni.

Wọ́n ní kí n ká a kí n tó fi sínú. Mo ká a bí a ṣe ń ká ewé mọ́ínmọ́ín, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó fò lu ògiri balùwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹrin ló tó wọlé. Àtiyọ ọ́ ló wá di ogun. Mo lóṣòó síbẹ̀, òógùn bò mí nínú òtútù, mo ń pe Jésù. Mo pe Ẹfúà lórí fóònù, ó ní kí n dẹ ara sílẹ̀, kí n rọra tì bí ẹni tó ń rọbí. Mo sọ fún un pé ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí láyé mi, ìrọbí rẹ̀ kò tíì tán lára mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ife náà jáde.

Oṣù kejì, mo lò ó lọ síbi iṣẹ́ fún wákàtí méjìlá, ẹ̀kán kan kò jò. Ìkòkò kékeré tí mo fi ń sè é, ẹni tí a jọ ń gbé fi se ẹyin jẹ lọ́jọ́ kan. Mi ò tíì sọ fún un dòní. Irú ife yẹn náà ni mo fi sínú ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́sí, tí ojú tì mí láti ṣàlàyé, tí ẹ wá fi ń wọn oògùn ikọ́ fún ọmọ Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀, tuntun ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wọ̀n ọ́n mọ́.

Ọjọ́ míì wà tí inú bá ń dùn mí tí mi ò lè fara da ife náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Ẹfúà, ó sì mú oríṣi mìíràn wá, ó fi bébà wé e. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti tú u. Aṣọ ni, Màámi. Aṣọ márùn-ún, wọ́n ṣẹ́ ẹ po ní ìpele-ìpele, wọ́n rán etí rẹ̀, wọ́n fi bọ́tìnì sí i kó lè di pátá mú. Ìwé pélébé kan wà nínú rẹ̀: kí a kọ́kọ́ fi omi tútù fọ̀ ọ́, kí omi gbígbóná má kan ẹ̀jẹ̀, kí a sá a sóòrùn. Mo yí ọ̀kan padà, mo ń wá ìlà abẹ́rẹ́ yín lẹ́yìn rẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé n kò lè gbé ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ẹ rántí ìró aláró tó ní ẹyẹ funfun, tí Bàámi rà fún yín lọ́jà Ọyẹ́ nígbà tí ẹ bí Ẹ̀gbọ́n mi. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkọ̀lé, ẹ gé e sí ọ̀nà mẹ́fà, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ fi òwú funfun rán an, ẹ fi okùn sí i lórí àti nísàlẹ̀. Mo ní ìró yín tó dára jù nìyẹn. Ẹ ní aṣọ tó bá ti pẹ́ lára ìyá kì í ha ọmọ lára. Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹ ní kí n má fi pamọ́ gbẹ, kí n sá a sóòrùn. “Oòrùn kì í ṣe ọ̀tá obìnrin.” Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Màámi, ẹ̀yin gan-an.

Ní bọ́dìn, páàdì ni àwọn ọmọ olówó ń lò. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo sá mẹ́ta nínú àwọn aṣọ náà sórí okùn. Sẹ́níọ̀ kan fi igi gbé ọ̀kan sókè, ó ń fì í kiri. “Ta ló ni àsíá yìí? Orílẹ̀-èdè wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?” Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, Màámi. Ẹ̀rín tèmi ló pọ̀ jù. Tóyìn, ọmọ Ìyá Tóyìn ọ̀rẹ́ yín, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, mọ̀ pé èmi ni mo ni wọ́n. Kò tú àṣírí mi. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó ṣa àwọn aṣọ náà nílẹ̀, ó tún wọn fọ̀, ó ká wọn wá fún mi, ó ní, “Má dá wọn lóhùn.” Mo kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ títí dòní, àfi bóyá nítorí pé ó rí mi níbi tí mo ti ń fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, mo kó aṣọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo dà wọ́n sínú ṣáláńgá.

Nígbà tí a gba ọlidé, ẹ bi mí pé aṣọ mi dà. Mo ní wọ́n jí wọn. Mo rò pé ẹ máa pariwo lé mi lórí ni, kí ẹ sì rán òmíràn. Mi ò mọ ohun tí aṣọ nǹkan oṣù tó sọnù jẹ́ lójú yín. Ẹ gbá àyà mú. Ẹ ní ẹni tó bá gbé aṣọ ẹ̀jẹ̀ obìnrin lọ, ilé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ tì pa. Ẹ bi mí pé ta ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ní Tóyìn. Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó pẹ́ tí mo fi ń tan ara mi pé èmi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, pé ìbéèrè lẹ bi mí, mo sì fi òótọ́ dáhùn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá, ẹ dìde, ẹ ní kí ẹni tó di ilé ọmọ ọmọ yín mú tú u sílẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ẹ ń bá wí. Ìyá Tóyìn gbé Bíbélì lé orí, ó búra. Ẹ ní òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi Bíbélì purọ́. Nígbà tí a délé, ẹ mú àdá, ẹ gé okùn aṣọ tó ti ara igi máńgòrò wa dé ara ògiri wọn, tí ẹ̀yin méjèèjì jọ ń sáṣọ sí láti ìgbà tí ẹ ti jẹ́ ìyàwó tuntun. Aṣọ wọn wà lórí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ bọ́ sínú ẹrẹ̀. Tóyìn kò padà sí Ìkọ̀lé mọ́. Olè ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Nígbà tí mo relé ọkọ, tí mo lo ọdún méje tí mi ò fẹ́ra kù, ẹ gbààwẹ̀ títí ara yín fi joro. Ẹ ní aṣọ yẹn ni. Mo mọ ibi tí aṣọ náà wà, mo sì jẹ́ kí ẹ máa gbààwẹ̀. Nígbà míì, mo máa ń bi ara mi bóyá irọ́ náà ti di òótọ́ nínú mi. Nígbà tí Ìbùkún dé, ẹ ní Ọlọ́run ti já ìdè wọn. Mo ní àmín.

Ǹ bá mú un wọ sàréè, bí kì í bá ṣe ohun méjì tí Ìbùkún sọ fún mi lórí fóònù. Ó ní ẹ kò jẹ́ kí òun lo páàdì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i he níbi tí wọ́n dà á sí. Ó ní aṣọ lẹ gé fún òun, ẹ̀ ń kà á kí ó tó fọ̀ ọ́, ẹ̀ ń kà á lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lẹ sì ní kó máa sá a sí, kó fi àpò bò ó. Lásìkò òjò, kì í gbẹ. Ó ń lò ó ní tútù, ara ń yún un, ojú sì ń tì í láti sọ fún yín. Èyí kejì ni pé Ìyá Tóyìn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó, kíndìnrín ló ń dà á láàmú, Tóyìn ti ti Àkúrẹ́ wá ń tọ́jú rẹ̀. Ìbùkún ní ẹ̀wà lẹ ń ṣà nígbà tí wọ́n wá sọ fún yín, pé ẹ kò gbójú sókè, ẹ kàn ní, “Ọlọ́run kì í sùn.” Ó ní nígbà tó yá, ẹ wọ yàrá, ẹ sì pẹ́ níbẹ̀.

Màámi, ẹnikẹ́ni kò jí aṣọ mi. Èmi ni.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kọ ìwé yìí tí mo fà á ya. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀, tàbí ẹrù ara mi ni mo ń sọ̀ lé yín lórí ní ọjọ́ ogbó yín. Mo ti fi í ránṣẹ́ sórí fóònù Ìbùkún kí ìwé ìròyìn náà tó jáde, kí ẹ̀yin lè kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jáde. Ojú gbogbo ènìyàn lẹ ti bá Ìyá Tóyìn wí nítorí mi; n kò lè máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé kò jẹ̀bi.

Bí ẹ kò bá fẹ́ gbọ́ ohùn mi fún ìgbà díẹ̀, mo gbà. Ẹ bínú sí mi bó bá ṣe wù yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sí Ìdó. Ẹ má dúró de ọjọ́ ọjà, ẹ má se oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ mú Ìbùkún dání, kó ka ìwé yìí sí i létí láti ibi tí a ti gba ọlidé. Bí kò bá lè gbọ́ mọ́, kó kà á fún Tóyìn.

Mo ti fi aṣọ mẹ́fà ránṣẹ́ fún Ìbùkún. Ọwọ́ ara mi ni mo fi rán an. Ìró tí ẹ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀ níbí ni mo gé. Abẹ́rẹ́ mi wọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá ti Ìdó dé, kí ó so okùn tuntun mọ́ igi máńgòrò wa dé ara ògiri wọn, kó sá wọn síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kí ẹni tó bá ń kọjá rí i. Ìṣó tí okùn náà wà lára rẹ̀ kò tíì kúrò lára ògiri. Mo wò ó nígbà tí mo wálé kẹ́yìn. Ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yìí, Ìyá Tóyìn kò yọ ọ́.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé yín débẹ̀ lásìkò. Kó má jẹ́ kí ẹ fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí Tóyìn. Ìyá rẹ̀ ńkọ́, n kò mọ ohun tí mo lè ní kí ẹ sọ fún un. Ẹ kàn bá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ tìtorí rẹ̀ gé ìró ẹlẹ́yẹ funfun,
Morẹ́nikẹ́.